Ohun Tó Wà Lórí Òkúta

Ó ti rẹ Miriam tẹnutẹnu kí wọ́n tó wá pè é. Láti àárọ̀ ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Ìjerò bí àwọn onímọ̀ ṣe ń pín ohun ẹlẹ́mìí sí ẹbí àti ẹ̀yà. Ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ. Ṣùgbọ́n Bàbá Gbọ́láhàn, àgbẹ̀ kòkó kan ní Ìpótì, ti fárígá pé òun kò ní tẹ ìka sí ìwé tí àwọn awakùsà fi ń tọrọ ilẹ̀ òun àfi bí tíṣà bá túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ni Miriam bá gun ọ̀kadà lọ.

Túnjí, aṣojú àwọn awakùsà, ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá. Miriam ń kà, ó ń túmọ̀. Ó ní pẹgimatáìtì ni òkúta tó ti yọ́ bí omi lábẹ́ ilẹ̀ rí, kó tó tutù tó sì le. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí òkúta iyebíye. Bàbá ń mi orí. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ kan, ofabọ́dìn, Miriam dá kíkà dúró.

"Ilẹ̀ òkè lásán nìyẹn," Túnjí wí. "Ẹ fò ó, Tíṣà."

"Kí ló ń jẹ́?" Bàbá bi Miriam.

Ì bá rọrùn kó fò ó, kó máa lọ sílé.

"Bàbá, gbogbo ohun tó bá wà lórí òkúta tí wọ́n ń wá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ kó o kúrò."

"Erùpẹ̀ nìyẹn."

"Erùpẹ̀ wà níbẹ̀."

"Kòkó mi ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

Bàbá wo ọ̀nà oko. "Sàréè ìyàwó mi ńkọ́?"

Miriam tún ojú ìwé náà wò. "Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi pe gbogbo ẹ̀, Bàbá."

Túnjí ní èdè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, kò sí àrífín níbẹ̀. Miriam mọ̀ pé kò purọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ká ìwé náà, ó dá a padà fún Túnjí.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, Mojọlá, tí oko rẹ̀ àti ti Bàbá jọ pààlà, tẹ ìka sí tirẹ̀. Katakátá tí ń hú ilẹ̀ dé oko rẹ̀. Eruku funfun ń bà lé kòkó Bàbá, òdòdó rẹ̀ ń rẹ̀ dànù. Nígbà tí bàbá wọlé tọ Miriam wá, Miriam rò pé ó fẹ́ dá òun lẹ́bi nítorí ìwé tí kò tẹ ìka sí.

"Ọmọ mi," ó ní, "bá mi kọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ mi sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè fi hàn wọ́n bí àwọn awakùsà bá tún padà wá."

Ẹsẹ̀ ń ro Miriam. Ó jókòó, ó ń kọ: kòkó, obì, igi àgbálùmọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó kan sàréè, Bàbá ní kó má kọ sàréè. Orúkọ ni kó kọ.

Ó kọ ọ́: Hannah Àjíkẹ́.