Orúkọ Tó Kù Lẹ́nu Ọkọ Mi

Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n gbàgbé ohun tí Susannah, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, fi ojú mi rí, òwe yẹn ni mo fi ń dá a lóhùn. Wọ́n á ní, "Ìyá Ernest, ẹ̀yin náà kúkú ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Mo ń lọ. Bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn tiẹ̀ gan-an ni mo sì ń jókòó sí, kó lè máa rántí pé mo wà láyé.

Mo mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Lójú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Nínú ọkàn mi, Susannah ni, ibi tí mo sì ti ń sọ̀rọ̀ báyìí nìyẹn.

Mọ́ṣádé ni orúkọ tèmi. Ẹ fi sọ́kàn, torí orúkọ yẹn ni wọ́n fi lé mi kúrò nílé. Ọkọ mi ni Frederick Ṣóyẹmí, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Gbogbo ayé ló ń pè mí ní Ìyá Ernest, àfi òun. Láti ìgbà tá a ti jọ ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ló ti ń pè mí ní Mọ́ṣádé. Bó bá fẹ́ omi, Mọ́ṣádé. Bó bá ń wá awò ojú rẹ̀, tí awò sì wà lójú rẹ̀, Mọ́ṣádé. Mo máa ń bá a jà pé orúkọ mi á gbó mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìkórè kan ni, nígbà Sáàpù, tí ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ra, tí búrẹ́dì ti di oúnjẹ ọlọ́lá. Ó dúró níwájú dígí, ó ń so táì. Mo gbọ́ tó pe "Mọ́ṣádé", ohùn rẹ̀ sì wọ́. Kí n tó dé yàrá, ó ti wà nílẹ̀. Apá ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ẹnu yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A gbé e lọ sí ọsíbítù, wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, wọ́n sì fún un lóògùn. Mi ò kúrò lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Susannah bá mi. Olóyè ni nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ àdúrà í gbà débi tí á fi rẹ àwọn tó ń ṣe àmín. Kò fẹ́ràn mi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, torí mo kàwé, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wólẹ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi, ó ní, "Frederick, èmi nìyí. Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Ọkọ mi wò ó. Ó la ẹnu, ó bá ahọ́n rẹ̀ jìjàkadì, ó ní, "Mọ́ṣádé."

"Ta ni?"

"Mọ́ṣádé. Mọ́ṣádé."

Susannah gbé ojú sókè wò mí. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó kàn ní, "Ìyàwó, o gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ kejì, ó mú Bàbá Simeon wá, olórí ẹbí wọn. Bàbá náà bi ọkọ mi ní ìbéèrè kan náà, ó sì gbọ́ ìdáhùn kan náà. Ó gbọn orí, ó ní, "Ẹnu ẹni tó ń kú lọ kì í parọ́." Ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n gbé ọkọ mi kúrò ní ọsíbítù lọ sí ilé ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, pé wòlíì kan á máa fi òróró pa á lára. Wọ́n ti ilé wa ládùúgbò Ìtalúpẹ́, ní Ìjẹ̀bú-Òde, pa. Ẹrù mi, wọ́n dì í sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ní kí awakọ̀ já mi sí Ìbẹ́fún, ní ilé ìyá mi tó ti kú.

Ní Ìbẹ́fún, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi dé. Bí mo bá bu oúnjẹ fún ọmọ ọmọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Èyí tó dùn mí jù ni pé èmi náà gbà á gbọ́. Mo máa ń jókòó, mo máa ń bi ara mi pé, kí ni mo fi ṣe ọkùnrin yìí tó fi dárúkọ mi? Ọ̀nà wo ni mo gbà ṣẹ̀ ẹ́ tí mi ò mọ̀?

Mo mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Susannah gbà á lọ́wọ́ mi, ó rìn dé ṣáláńgá, ó sì dà á síbẹ̀ níṣojú mi. Bí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọkọ mi gbọ́ ohùn mi láti inú yàrá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké: "Mọ́ṣádé! Mọ́ṣádé!" Susannah ní, "Ṣé o gbọ́? Ó ń lé ọ." Mo yí padà, mo lọ. Títí dòní, bí mo bá rántí pé mo yí padà lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ tèmi náà á fẹ́ ru. Adìyẹ dà mí lóògùn nù. Mo búra níbi gọ́tà ilé wọn pé èmi náà á fọ́ ọ lẹ́yin.

Ernest, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Ìbàdàn ló ń gbé, ṣùgbọ́n òkè Ọya ni wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ nígbà náà. Nígbà tó padà dé Ìbàdàn tó sì gbọ́, kò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní mọ́tò, wọ́n lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wọ́n sì gbé bàbá rẹ̀. Susannah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí Frederick bá kú sọ́nà, ọrùn Ernest ló wà. Ernest ní òun gbọ́. Egbò ti dá sí ẹ̀yìn ọkọ mi nítorí pé wọn kì í yí i. Wòlíì ti fi òróró kun egbò náà. Wọ́n yà mú mi ní Ìbẹ́fún, a sì jọ lọ sí Ìbàdàn.

Ní ọsíbítù ńlá kan ní Ìbàdàn, a bá dókítà obìnrin kan, Yétúndé Ògúnbánwò, ọmọ Ayépé, ọmọ tí mo lè bí. Ẹ̀rọ tuntun kan wà lọ́dọ̀ wọn tó ń ya àwòrán inú orí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ẹni gé iṣu. Ó gbé àwòrán náà sójú iná, ó fi bírò tọ́ka sí ibì kan lápá òsì tó dúdú. Ó ní, "Mà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀, ó ti kú."

Mo ní, "Dókítà, ó ń sọ̀rọ̀. Orúkọ mi ló ń pè, pé èmi ni mo ṣe é."

Dókítà gbé ife kan sókè síwájú ọkọ mi. "Bàbá, kí nìyí?"

"Mọ́ṣádé."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè. "Mọ́ṣádé." Ó fi ẹsẹ̀ bàtà ara rẹ̀ hàn án. "Mọ́ṣádé." Omi ti lé sójú ọkọ mi, ó ń mi orí, torí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ pé ohun tí òun fẹ́ sọ kọ́ ló ń jáde. Dókítà ní kó pa ojú dé, ó pa á dé. Ó ní kó gbé ọwọ́ òsì, ó gbé e.

"Ẹ rí i pé gbogbo ohun tá à ń sọ ló yé e," dókítà sọ. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù sí i lẹ́nu. Àwọn mìíràn, èébú ló máa ń kù sí wọn lẹ́nu. Ní ti Bàbá, orúkọ yín ni. Ohunkóhun tó bá fẹ́, òun ló máa fi tọrọ rẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó fi ń ké nínú ilé yẹn, omi ló ń tọrọ. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Lọ́jọ́ tí mo wá, èmi ni ó ń pè, pé kí n má lọ. Mo sunkún débi tí Ernest fi gbé mi dìde. Nígbà tí ẹkún tán, ìbínú ló kù, ìbínú náà sì tutù, ó jókòó jẹ́jẹ́.

Dókítà ní ìrètí wà. Ó ní láyé ìsinsìnyí, wọ́n ti rí i pé apá orí tí kò kú lè kọ́ iṣẹ́ èyí tó kú, bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì tẹra mọ́ ọn. Orin ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé padà. Kí n mú ohun tó ń fẹ́ lójoojúmọ́, kí n máa kọ orúkọ rẹ̀ lórin sí i létí, kí n máa fi ọwọ́ òsì rẹ̀ lu itan rẹ̀ bí orin náà ṣe ń lọ, àkókò tó bá ń fẹ́ nǹkan náà gan-an ni kí n sì ṣe é. Wọ́n tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ rírìn.

Omi la kọ́kọ́ kọ́. A kọ ọ́ lórin títí ó fi sú àwọn ará ilé Ernest. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ òsì, ó ní, "Omi." Mo gbé omi fún un, ìdajì rẹ̀ dà sí wa lára.

Ìkejì ni póò, ike tó ń tọ̀ sí, torí ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n jù. Dókítà ní kí n kọ́ ọ ní "tọ̀". Mo ní ó dáa. Nígbà tá a délé, mo gbé póò wá, mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, mo sì kọrin: Su-san-nah.

Ọkọ mi yíjú wò mí. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà, ìdajì ẹnu rẹ̀ tó ṣì dára gbé sókè, ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Ìkórè, mi ò tíì rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ernest ní, "Màmá, bí a bá lé ni tí a ò bá ni, ìwọ̀n là á bá ni ṣọ̀tá mọ." Mo ní, "Òwe rẹ dáa. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a, má dá mi dúró." Ní gbogbo ìgbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, orúkọ yẹn la fi ń gbé póò, títí tó fi ń pè é fúnra rẹ̀.

Nígbà tó lè fi ọ̀pá rìn, mo ránṣẹ́ sí Bàbá Simeon pé kó pe ẹbí jọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo po tíì fún ọkọ mi, mo tún po òmíràn lé e. Ó mu ún tán láìjiyàn.

Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ pálọ̀ ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Àwọn tó ti ń ronú ibi tí wọ́n máa sin ín sí dìde dúró. Susannah ní àdúrà òun ló gbé e dìde, pé ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tó dá a dùbúlẹ̀ jókòó láàárín ẹbí.

Mo kúnlẹ̀ dáadáa, bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í bí ẹ ṣe bi í lọ́jọ́sí."

Ara rẹ̀ yá gágá. "Frederick, ta ló ṣe ọ́?"

Ọkọ mi ní, "Susannah."

Àwọn ará pálọ̀ yíjú sí Susannah. Ó tún bi í. "Susannah," ó tún sọ, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyàwó àbúrò wọn tó jókòó tì í rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Mo yíjú sí Bàbá Simeon, mo ní, "Bàbá, kí lẹ ti sọ nípa ẹnu aláìsàn?" Bàbá ń wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀.

Òógùn bo Susannah. Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Kò mọ̀ ọ́n sọ. Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ tó bá ṣáà ti wá sí i lẹ́nu ló ń pè."

"Ẹ tún un sọ, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ó tún un sọ. Ó búra sí i. Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa wò ó bí wọ́n ṣe ń wò mí ní Ìbẹ́fún. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á lè dá mi lẹ́bi, ó dùn mọ́ mi.

Ọkọ mi di ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mú. "Susannah. Susannah." Ojú ti ń pọ́n ọn. Mo ṣí agbọ̀n mi, mo yọ póò jáde, mo fi ìró bo ọkọ mi. Gbogbo wa gbọ́ bí ìtọ̀ ṣe ń ya sínú póò. Ó mí kanlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó dìde dúró. Mo ní, "Ohun tó ń pè nìyí. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àìsàn náà fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tó ń pe Mọ́ṣádé nínú ilé yìí, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Egbò ló ń ta á. Ẹ̀yin jókòó tì í, ẹ̀ ń gégùn-ún fún mi."

Mo gbé póò náà, ó kún, ó ń yọ ooru. Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í rán ẹni tó bá nílé ọkọ níṣẹ́, bí ẹni náà ò tilẹ̀ ju ọmọ ọwọ́ lọ, ká má tíì sọ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ. Mo gbé e fún Susannah. Mo ní, "Orúkọ yín ló pè, Ẹ̀gbọ́n. Ṣáláńgá yín lẹ mọ ọ̀nà rẹ̀ jù."

Ó wo Bàbá Simeon pé kó gba òun. Bàbá ń wo òrùlé. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e lọ.

A ti padà sí Ìtalúpẹ́. Ọkọ mi ń sọ púpọ̀ báyìí: omi, ẹ̀bà, Ernest, ó rẹ̀ mí. Ó ń pe Mọ́ṣádé láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò sì bá a jà mọ́. Dókítà ní a lè tún ti póò yẹn ṣe, ká kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Mo bi ọkọ mi. Ó ní, "Rárá." Ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn náà.

Susannah máa ń wá kí i lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Á jókòó, á fi gèlè rẹ̀ sórí itan. Ọkọ mi á wò ó, á ní, "Susannah." Kò lè mọ̀ bóyá kíkí ló ń kí òun, àbí ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, èmi kì í sì í sọ. Ló bá máa ń dìde, á lọ gbé póò wá.