Ẹ̀yìn Gbogbo Ọmọ Ṣakí

"Níbo lo kó wọn sí?"

Gàfárù ti fa bẹ́ẹ̀dì ya, òwú inú rẹ̀ sì kún ilẹ̀ yàrá. Ó ti da ìkòkò ìrẹsì àti ti ọbẹ̀ nù. Ó ti tú ẹrù aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ dì fún ọjà Abobo Gare, ó sì ń tẹ aṣọ náà mọ́ ọbẹ̀ tó dà sílẹ̀.

"Mo ti da àwọn wóró oògùn yẹn sí ṣáláńgá," ni Ràmúlátù wí. "Gbogbo ẹ̀. C'est fini, ó ti tán, Bàbá Mọ́síùrá."

Ọkùnrin náà dúró, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ ọmọ fún. Lẹ́yìn náà ló gbé ọmọ odó. Ràmúlátù fi apá òsì bo orí, ibẹ̀ ni ọmọ odó sì ti bà á. Ó gbọ́ bí eegun ṣe dún. Ó ṣubú lulẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tún ti gbé igi náà sókè nígbà tí Bàbá Àrìmíyàù, olórí àwọn ọmọ Ṣakí tó wà ní Abobo, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, já wọlé tó sì fi gbogbo ara rọ́ lù ú. Àgbàlagbà ni, ṣùgbọ́n ó dì mọ́ Gàfárù títí àwọn ará àgbàlá fi sáré dé. Gàfárù bu èjìká rẹ̀ jẹ. Ẹ̀jẹ̀ bá rin bùbá funfun tí Bàbá wọ̀.

Ẹni tó bá mọ Gàfárù kí àpò kòkó tó wó lu ẹ̀yìn rẹ̀ níbi iṣẹ́ ẹrù ní èbúté Vridi, ní 1973, kò ní gbà pé òun nìyí. Kò gbá ìyàwó rẹ̀ létí rí. Dókítà fún un ní oògùn ìrora, wóró funfun kékeré, ó lò ó, ó sùn, gbogbo ilé sì dúpẹ́. Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ni pé ọmọ Ṣakí kì í lọ kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Ọsàn àti ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé wá. Nígbà tí wọ́n rí i pé wóró funfun yẹn nìkan ló ń mú un rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun gbogbo wọn. Aláṣọ lọ bá dókítà, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Alátẹ lọ, ẹ̀yìn ń dun òun náà. Wọ́n á gba oògùn, wọ́n á dì í sínú bébà, wọ́n á gbé e wá fún arákùnrin wọn. Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn wọ̀nyí rìn pọ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìfẹ́ pa ẹni wọn.

Nígbà tí àwọn ará àgbàlá ti di Gàfárù mú, Bàbá Àrìmíyàù ló mú Ràmúlátù lọ sọ́dọ̀ Dókítà Olúbáyọ̀, tó ní yàrá ìtọ́jú kékeré nítòsí ibùdó ọkọ̀. Ọmọ Kétu láti Dàhòmì ni dókítà náà. Ó ń sọ Yorùbá, ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ léwu, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún wọn?

Ó fi pákó àti báńdéèjì di apá náà. Ràmúlátù gé etí ìró rẹ̀ jẹ kó má bàa ké.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámá. Lọ́la, ẹ lọ sí hôpital kí wọ́n ya fọ́tò eegun náà. Ẹ máa lo èyí fún ìrora." Ó ṣí ìgò, ó ń da wóró funfun sínú bébà.

Ràmúlátù tẹjú mọ́ ọn. "Docteur, ṣé irú ti Bàbá Mọ́síùrá nìyẹn?"

"Òun náà ni. Kò sí èyí tó dà bí i rẹ̀."

"Òun ló ṣẹ́ mi lápá."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Oògùn kì í ṣẹ́ni lápá, Màámá."

"Ẹ bi Bàbá léèrè ohun tó wà nínú àpò wọn."

Ojú ti Bàbá Àrìmíyàù. Ó yọ bébà kan tí wọ́n ká mọ́ra, ó gbé e sórí tábìlì. "Ibi tí mo ti ń gbé e lọ fún Gàfárù ni mo ti bá ìjà yẹn. Ẹ̀yìn ò dùn mí, Docteur. Ẹ̀yìn ò dun ẹnikẹ́ni nínú wa. Òun la ń gbà á fún."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa."

"Ẹ wá ń parọ́ fún mi!" Dókítà fọwọ́ lu tábìlì.

"A parọ́. Pardon. Ṣùgbọ́n ẹ ò fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi wò lẹ́ẹ̀kan rí."

Lójijì, gíláàsì fèrèsé fọ́ wálẹ̀. Gàfárù ti já mọ́ àwọn ará àgbàlá lọ́wọ́. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó mú àfọ́kù gíláàsì, ó fa dókítà lọ́rùn mọ́ra, ó sì fi ẹnu gíláàsì náà sí ọ̀fun rẹ̀.

"Gbé ìgò yẹn fún mi!"

"Màá fún ọ ní ẹyọ kan," ni dókítà wí. "Níwájú mi. Mi ò ní dá a dúró lójijì, ara rẹ á dàrú. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín in kù. Ṣùgbọ́n ìgò, rárá."

"Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́!" Gíláàsì wọ ara. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ sí ọrùn ẹ̀wù dókítà. Gàfárù náà ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ̀.

Ràmúlátù fi ọwọ́ tó kù gbá ìgò náà mú. "Ẹ gé e," ó ní. "Tí ẹ bá gé e, ta ni yóò fún yín lọ́la?"

Gàfárù wò ó. Ó jẹ́ kí àfọ́kù náà bọ́, òun náà sì jókòó sílẹ̀ láàárín gíláàsì, ó ń sunkún. Bàbá Àrìmíyàù jókòó tì í, ó dì í mú.

Dókítà fi aṣọ di ọrùn ara rẹ̀. Ó fún Gàfárù ní ẹyọ kan, ó dúró títí ó fi gbé e mì. Ó fún Ràmúlátù náà ní ẹyọ kan níbẹ̀, ó sì da ìyókù padà sínú ìgò. "Láti òní lọ, kò sẹ́ni tó máa gbé e jáde níbí láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, tí mo sì béèrè ẹni tó wà nílé rẹ̀. Ta ni yóò máa mú Gàfárù wá láràárọ̀?"

"Èmi," ni Bàbá Àrìmíyàù wí.

"Màámá ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ ìyàwó Bàbá ni mò ń lọ," ni Ràmúlátù dáhùn. "Mi ò ní padà sí ilé yẹn mọ́."

Bàbá Àrìmíyàù lanu láti sọ pé obìnrin kì í fi ọkọ sílẹ̀ nínú àìsàn. Ó wo apá náà, ó bá fọwọ́ júwe ọ̀nà fún un.

Gàfárù gbójú sókè láti ilẹ̀. "Ìyá Mọ́síùrá, ṣé ó ń dùn ọ́?"

Bí wọ́n ṣe kọ́ Ràmúlátù láti kékeré ni kó sọ pé ó ti sàn.

"Ó ń dùn mí gan-an," ó ní, ó sì gbẹ́sẹ̀ kọjá àwọn àfọ́kù, ó jáde.