Àṣìṣe Ojú Ìwé Keje

"Dókítà Ajíbádé, ẹ dìde, ẹ bá mi dá àlejò wa lóhùn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyíwọlá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n òógùn ti rin ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n nìyí. Gbọ̀ngàn yunifásítì aládàáni wọn, lọ́nà Ẹ̀dá-Oníyọ̀, kún fọ́fọ́. Àlejò kan láti Ìbàdàn ló bi í pé: "Ẹ ní òfin ìṣirò yín bá gbogbo ojú nǹkan tó tẹ̀ mu. Èyí tó ní etí, bíi ti igbá, ńkọ́?"

Ìbílọlá Ajíbádé dìde lẹ́yìn pátápátá. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe iṣẹ́ ìṣirò náà, lórí bí ojú nǹkan ṣe ń tẹ̀, nínú yàrá tí òjò ń jò sí. Ó gbé e fún Ọláyíwọlá, olórí ẹ̀ka wọn, kó lè fọwọ́ sí ìgbéga rẹ̀. Fáìlì ò kúrò lórí tábìlì ọ̀gá títí iṣẹ́ fi jáde nínú ìwé ìwádìí kan nílẹ̀ òkèèrè, orúkọ ọ̀gá nìkan lórí rẹ̀. Nígbà tí Ìbílọlá lọ bá a, ọ̀gá ní, "Ọmọ mi, ṣe sùúrù. Jẹ́ kí ìgbéga tèmi kọ́kọ́ kọjá ná."

"Kò bá a mu, sà," ló fi dá àlejò lóhùn. "Ó yẹ ká ṣírò títẹ̀ etí náà mọ́ ọn. Kò sí lójú ìwé keje. Àṣìṣe mi ni."

"Àṣìṣe yín kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti tún un ṣe, àmọ́ ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló wà lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìgbìmọ̀ ìbáwí jókòó. Ìbílọlá kó ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wá. Wọn ò ṣí i.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé àṣìṣe yín ni?" alága bi í.

"Èmi ni, sà, torí èmi ni mo ni iṣẹ́ náà."

"Mi ò bi yín léèrè ẹni tó ni iṣẹ́."

Wọ́n fi lẹ́tà lé e níṣẹ́: wọ́n ní ó kó àṣìṣe sínú iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì dójú ti yunifásítì. Nígbà tó ka lẹ́tà náà fún ìyá rẹ̀ ní Ayébòdé, ìyá bi í pé:

"Bí uṣẹ́ ọ̀hún bá jẹ́ ti ọ̀gá rẹ, báwo ni àṣìṣe rẹ̀ ṣe wá jẹ́ tìrẹ?"



Ilé lẹ́sìnnì kan l'Ọ̀yẹ́ ló ti ń kọ́ni báyìí, ó ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé yunifásítì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tórí rẹ̀ pé dáadáa sọ fún un pé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyíwọlá lòun fẹ́ lọ kàwé.

Ìbílọlá ní kó ṣí ìwé rẹ̀, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sójú ewé kọ̀ọ̀kan.