Ahun Méje Nínú Yàrá Olóògbé

Ọdún kejì tí ọkọ Miriam Ọláoyè kú ni ó ra ahun àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé ó ń wá ohun ọ̀sìn. Ó lọ sí ọjà Ìkòtún ní ọjọ́ Sátidé kan láti ra ìbẹ́pẹ àti ẹja, òjò sì lé e wọ abẹ́ páànù obìnrin lékuléja kan tó ń ta ewé, egbò, èèpo igi àti orí ẹranko gbígbẹ. Níbi tó dúró sí ló ti rí ahun mẹ́ta nínú abọ́ ike kan nílẹ̀. Wọ́n dojú àyà méjì kọ òkè, ẹsẹ̀ wọn ń wá ilẹ̀ tí wọn ò rí. Ẹ̀kẹta, èyí tó kéré jù, wọ́n ti lu ihò sí etí ìkarahun rẹ̀, wọ́n ki okùn bọ ihò náà, wọ́n sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Miriam ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní ilé-ìwé girama kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó mọ̀ pé egungun ni ìkarahun ahun, ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìrora sì ń dé ibẹ̀. Lílu tí wọ́n lù ú yẹn kò yàtọ̀ sí kí wọ́n lu egungun ìhà ènìyàn. Ó ń wò ó títí òjò fi dá.

"Bá mi tú èyí tó wà lókùn yẹn," ló wí.

Obìnrin náà, Mubarakah lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó nawọ́ mú ọ̀bẹ. "Ṣé kí n bá yín pa á, mà? Ṣé ìkarahun nìkan lẹ fẹ́ ni, àbí tòun tẹran?"

"Má pa á. Láàyè ni mo fẹ́ mú un lọ sílé."

Mubarakah wò ó, ó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Lọ́kàn tirẹ̀, ẹni tó bá ní kí wọ́n má pa á, aájò onítọ̀hún ló jinlẹ̀ jù. Kò bi í ní nǹkan kan mọ́, nítorí nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, a kì í bi oníbàárà ní ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Baruwa ni Miriam ń gbé, ní yàrá mẹ́ta, òun nìkan. Ayọ̀dèjì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánádà. Yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀ọ̀dẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù méje. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀, bí kò bá ṣe pé ó fẹ́ gbálẹ̀, kì í ṣí i. Ibẹ̀ ló gbé ahun náà sí.

Ó pe káfíńtà kan tó ń jẹ́ Ọlọ́runṣògo pé kó wá kan pákó yí igun yàrá náà ká, kó gùn tó ilẹ̀kùn tí wọ́n dá dùbúlẹ̀, kó sì ga dé orúnkún. Miriam fúnra rẹ̀ da ilẹ̀ dúdú sí i, ó kó ewé gbígbẹ lé e, ó dojú ààbọ̀ ìkòkò kan dé sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹranko náà lè rí ibi fara pamọ́ sí, ó bu omi sínú àwo pẹlẹbẹ. Ó wá fi gílóòbù kan kọ́ sí igun kejì, kó lè móoru níbẹ̀, kí ahun fúnra rẹ̀ sì yan ibi tó bá wù ú.

"Ṣé adìẹ lẹ fẹ́ sìn ni, mà?" ni Ọlọ́runṣògo bi í.

"Ahun ni."

Ọkùnrin náà tẹrí ba, ó ń kan ìṣó rẹ̀ lọ. Nígbà tó parí, Miriam gbé omi tútù fún un. Ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun.

Odindi ọjọ́ mọ́kànlá ni ahun náà ò fi jẹun. Miriam gbé ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, ó gbé ìbẹ́pẹ, ó gbé kùkúḿbà. Kò tilẹ̀ yọrí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀ lórí fóònù, ó sì rí i pé irú èyí tó ń ká ìkarahun rẹ̀ mọ́ra lápá ẹ̀yìn bí ìgbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ni, ẹranko inú igbó dúdú, tó fẹ́ràn ibi ọ̀rinrin àti òjìji, tó ń jẹ olú àti ìgbín. Ní ọjọ́ kejìlá, ó rí olú rà, ó gbé e kalẹ̀, ó sì jókòó sórí táìsì, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó pẹ́ kí ọrùn ahun náà tó yọ. Ó gbọ́ bó ṣe ń já olú náà jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó wá rántí pé ó ti pẹ́ tí ohun ẹlẹ́mìí kan ti jẹun gbẹ̀yìn nínú yàrá yẹn. Kò dìde títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Láti ìgbà náà, bó bá ti ti ilé-ìwé dé, yàrá yẹn ló ń kọ́kọ́ wọ̀. Àmọ́ àwọn méjì tó kù lọ́jà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó padà lọ. Wọ́n ti ta ọ̀kan. Ó ra èyí tó kù, Mubarakah sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó pè. "Mà, ọjà yín ti dé o."

Miriam ní òun ò fẹ́ òmíràn.

"Kò burú, mà. Bàbá kan fẹ́ fi se àgbo ni. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín ni."

Miriam gbéra lọ mú un. Bó ṣe rí lẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn, bó ṣe rí lẹ́ẹ̀kẹrin nìyẹn. Nígbà tí òjò ọdún yẹn fi máa dáwọ́ dúró, ahun méje ló wà nínú àyè tí Ọlọ́runṣògo kàn fún ẹyọ kan. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilé ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé oògùn ló ń fi wọ́n ṣe. Àwọn ọmọdé tó máa ń wá ṣe iṣẹ́ àmúrelé lọ́dọ̀ rẹ̀ ò wá mọ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni àìsàn wọlé. Tiransifọ́mà àdúgbò jó, iná ò sí fún ọjọ́ mẹ́fà, yàrá náà tutù, ó sì gbẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ahun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ikun, imú rẹ̀ ń hó, ojú rẹ̀ dì. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti ran méjì mìíràn.

Miriam pe Gbóyèga. Ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó ti di dókítà ẹranko ní Ìgàndó, ajá àti adìẹ ló sábà máa ń tọ́jú. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó lóṣòó ti pákó náà, ó kà wọ́n.

"Ibí ti há jù fún wọn, mà. Èyí tó ń ṣàìsàn, kò yẹ kó wà pẹ̀lú àwọn tó kù. Yàrá yìí náà ò lómi lára tó. Inú igbó ni wọ́n ti wá."

"Mo mọ̀ pé inú igbó ni wọ́n ti wá."

Ó fún àwọn mẹ́ta tó ń ṣàìsàn lábẹ́rẹ́. Bó ṣe ń fọwọ́, ó bi í bíi pé ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni, "Ṣé ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, mà?"

"Ìwé àṣẹ kí ni?"

"Irú ahun yìí, òfin ti dáàbò bò ó. Bó ṣe yé mi, ẹni tó tà á ti rú òfin, ẹni tó rà á, tó sìn ín sílé láìgba àṣẹ, òun náà ti rú u."

"Ikú ni mo gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, Gbóyèga. Ìwọ náà mọ̀ mí."

"Mo mọ̀ yín, mà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ẹni tó ń kó wọn látinú igbó wá ńkọ́? Ṣé òun náà mọ̀ pé ẹ̀ ń gbà wọ́n là ni?"

Miriam gba aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a.

Méjì kú lọ́sẹ̀ yẹn. Ó sin wọ́n sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn ilé. Ní ọjọ́ Sátidé, ó lọ sí Ìkòtún láti lọ sọ fún Mubarakah pé òun ò rà mọ́.

Kò tíì rójú sọ ọ́ tí Mubarakah ti dìde, tó fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ìsọ̀. Àpò ìrẹsì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so lẹ́nu, inú rẹ̀ ń mira. Ó tú u. Ahun méjìlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gorí ara wọn. Méjì nínú wọn ò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Ọdẹ kan láti ìhà Ìjẹ̀bú ló kó wọn wá," ni Mubarakah wí. Inú rẹ̀ dùn. "Ó ní òun máa ń rí wọn tẹ́lẹ̀, òun kì í yà sídìí wọn. Mo sọ fún un pé mo ní oníbàárà kan tó ń gbà á láàyè, tí kì í ná an. Ó ti kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wọgbó, wọ́n ń wá a."

Miriam di igi ìsọ̀ náà mú.

"Sọ fún un kó dá wọn padà."

"Sí ibo, mà?"

"Síbi tó ti rí wọn."

Mubarakah rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó tún ẹnu àpò náà so. "Èmi ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mà. Nítorí yín ni mo ṣe gbà á."

Miriam kúrò níbẹ̀ láì dágbére. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rò ó. Bó bá rà wọ́n, ogún ló máa tẹ̀ lé e. Bí kò bá rà wọ́n, abẹ́ ọ̀bẹ ni wọ́n ń lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pe Gbóyèga pé kó bá òun mú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, kí wọ́n kó ti òun, kí wọ́n sì lọ kó ti ọjà náà.

"Kí ni wọ́n máa ṣe fún obìnrin tó ń tà á?" ló bi í.

"Bóyá kí wọ́n kìlọ̀ fún un, mà. Mi ò mọ̀ dájú."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wá, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, Gbóyèga sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kó ahun márùn-ún tó kù sínú apẹ̀rẹ̀. Obìnrin òṣìṣẹ́ náà jókòó sí pálọ̀, ó ṣí ìwé.

"Níbo lẹ ti rà wọ́n, mà?"

Miriam lè sọ pé òun ti gbàgbé. Ó lè sọ pé ẹnì kan tó ń kiri ló tà á fún òun. Ó sọ òótọ́. Ó sọ orúkọ, ó sì ṣàpèjúwe ìsọ̀ náà. Wọ́n ní kó buwọ́ lu ìwé. Wọ́n ní nítorí pé òun ló ránṣẹ́ pè wọ́n, ìkìlọ̀ ni àwọn máa fi ṣe. Obìnrin náà tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n dé Ìkòtún. Nínú ahun méjìlá, mẹ́jọ ni wọ́n bá. Wọ́n kó wọn, wọ́n kó orí ẹranko gbígbẹ tó wà lórí tábìlì, wọ́n sì mú Mubarakah lọ.

Miriam ò mọ̀ títí di ọjọ́bọ̀, tí fóònù Mubarakah pè é. Ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni mà tó máa ń ra ahun? Wọ́n ti mú àbúrò mi o. Ó ní ká pè yín. Ó ní ẹ ó lè ṣàlàyé fún wọn pé ohun ọ̀sìn lẹ fi ń ṣe."

Ó lọ. Ó ṣàlàyé, wọ́n sì fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ló fi hàn pé obìnrin náà ń tà á. Ó bẹ lọ́yà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn kó bá òun dá sí i, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó gba béèlì Mubarakah. Miriam dúró dè é lẹ́nu géètì ibi tí wọ́n tì í mọ́. Mubarakah ti rù, ó sì da ìborùn borí. Ó kí i bó ṣe yẹ kí ó kí àgbà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Mubarakah, mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí."

"Ẹ̀yin rà, èmi tà," ni Mubarakah wí. Ohùn rẹ̀ ò le. "Èmi ni wọ́n tì mọ́lé. Ìyá mi ló fi tábìlì yẹn sílẹ̀ fún mi. Tẹ́lẹ̀, a lè má rí ahun kan tà lóṣù. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di iṣẹ́, mà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á lápá, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ.

Gbóyèga wá sílé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti ròyìn. Nínú mẹ́tàlá tí wọ́n kó, mẹ́fà ti kú. Wọ́n ń tọ́jú méje, bí ara wọn bá le, wọ́n á dá wọn padà sígbó. Ó rò pé ìròyìn náà á tù ú nínú díẹ̀. Miriam bi í bóyá wọn ò lè fa ìwé ẹjọ́ Mubarakah ya. Ó ní ẹjọ́ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà, ó ti dé kóòtù.

Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ẹjọ́ náà ni Miriam ń gba àyè níbi iṣẹ́, tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó wá. Lẹ́ẹ̀kíní, adájọ́ ò jókòó. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹlẹ́rìí ìjọba ò wá. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, Mubarakah ò sì wo ẹ̀yìn.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èrò kún inú kóòtù débi pé àwọn mìíràn fara ti ògiri. Miriam dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Mubarakah yíjú, ó rí i. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì sún, ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Miriam lọ jókòó. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, èjìká kan èjìká, títí wọ́n fi pe ẹjọ́ náà, tí wọ́n tún sún un sí oṣù tó ń bọ̀.