Hóró Oògùn Tí Luhia Fẹ́ Pín

Bí Luhia bá ń kọrin, kò sí ibi tí èèyàn lè sá sí ní erékùṣù Fakaofo tí kò ní gbọ́. Ó ń kọrin tó bá ń gbálẹ̀, ó ń kọrin tó bá ń họ ìpẹ́ ẹja, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àmín tirẹ̀ máa ń fà gùn títí á fi di orin. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Òun ló ń dá orin fún àwọn obìnrin nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jó fatele, ijó ìbílẹ̀ wọn. Tó bá ti dá a, tí àwọn ọkùnrin sì ti gbá àpótí igi, kò sí ìdí tó ń dúró lórí ẹní mọ́, títí kan ìdí pásítọ̀.

Ojú rẹ̀ nìkan ló ń bà á nínú jẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí awọ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Òun tí fìlà àti abẹ̀bẹ̀ tó hun ti wọ ọkọ̀ dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí, òun náà ló wá di ẹni tí ń fọwọ́ tá nǹkan kó tó mọ ohun tó jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kí ẹlẹ́dẹ̀ Lino, àbúrò ọkọ rẹ̀, pé ẹ káàárọ̀, ó sì bínú lọ torí pé kò dá òun lóhùn.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi gbé lẹ́tà dé láti Apia, ìlú ńlá tó wà lókè òkun, inú rẹ̀ dùn débi pé ó jó yí ilé ká. Wọ́n ní àwọn dókítà ojú ń bọ̀ ní Apia, wọ́n á ṣí awọ yẹn kúrò, orúkọ Luhia sì wà nínú àwọn tí wọ́n pè. Ọ̀sẹ̀ méje sígbà náà ni ọkọ̀ máa wá gbé wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ní ọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru ju ọgọ́jọ lọ lọ́jọ́ tó fẹ́ wọkọ̀, kó má wulẹ̀ wá, ẹlòmíràn ni wọ́n á fi rọ́pò rẹ̀.

Ti Luhia jẹ́ igba ó dín mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ náà sú Pelenise. Pelenise ni nọ́ọ̀sì erékùṣù wọn, ọmọ ibẹ̀ ni, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Fíjì, ó sì ti padà wálé ní ọdún méjì sẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta gbáko ló ti fún Luhia ní oríṣi oògùn mẹ́ta, pupa, funfun àti yẹ́lò, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì sọ̀kalẹ̀. Ó bi í léèrè bóyá ó ń lò ó. Luhia ní òun ń lò ó, láràárọ̀, òun kò fo ọjọ́ kan rí. Kò sì purọ́. Ó ń lo funfun.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀ á mọ̀ pé kò lè ṣe é lọ́nà mìíràn. Bí àwọn ọkùnrin bá pẹja dé, orí ilẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń da gbogbo ẹ̀ sí, àwọn olùpín á sì pín inati, ìpín ilé kọ̀ọ̀kan, títí dórí ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Ẹni tó bá jókòó sínú ilé tó ń dá nǹkan jẹ, ẹ̀gàn ẹ̀ á dé etí ọmọ ọmọ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ti Luhia lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé ike oògùn mẹ́ta wálé fún ara rẹ̀ nìkan. Nive, àbúrò rẹ̀, ń pariwo orí fífọ́. Lino, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, ń darúgbó, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n fún òun ní nǹkan. Ẹni mẹ́ta, ike mẹ́ta: ó rí i pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti pín in. Láràárọ̀ wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á fi omi àgbọn gbé e mì, Luhia á sì fi orin tó dá fúnra rẹ̀ kádìí ẹ̀:

Pupa ni ti Nive,
Yẹ́lò ni ti Lino,
Funfun ni tèmi o,
Ẹnu wa dọ́gba.

Ọkọ̀ tó gbé lẹ́tà yẹn dé ló gbé oògùn tuntun dé. Pelenise pe Luhia sí ilé ìwòsàn, ó fi hóró kan sí i látẹ́lẹwọ́. Ó ní mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé ọ̀kan nínú mẹ́ta, tàbí kí ọ̀kan tán kí méjì ṣẹ́kù, làwọn tó mọ iṣẹ́ bá jókòó, wọ́n wọn díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ó ní kó fojú inú wo ọkùnrin mẹ́ta nínú ọkọ̀ kan: ọ̀kan ń la iṣan kí ẹ̀jẹ̀ ráàyè kọjá, ọ̀kan ń gbọ́n iyọ̀ àti omi tó pọ̀ jù dànù sínú ìtọ̀, ẹ̀kẹta ń dá ara lẹ́kun kó má tún máa fún iṣan pọ̀ mọ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá ń dá a wà, ó rọra ń lọ. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ wà á, ọkọ̀ á fò.

Luhia fi ìka yí hóró náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò tóbi ju ojú ẹja kékeré lọ. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbọ́ òórùn ẹ̀, ó mì í létí bóyá wọ́n á ta síra wọn nínú. Ó ní, “Ọmọ mi, ta ló ní irú ọwọ́ yìí? Ká ní ẹni yẹn bá wa di ẹrù sọ́kọ̀ ni, a ò bá má fi ìdajì ẹrù sílẹ̀ sétí òkun.” Orin ló kọ dé ilé. Ọkọ̀ kékeré, awakọ̀ mẹ́ta, ẹ wọlé ẹ wá bá mi tún un ṣe.

Ó délé tán ló wá rí wàhálà tó wà níbẹ̀. Hóró kan, ẹnu mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ẹja bá jẹ́ ẹyọ kan? Wọ́n ń gé e ni. Ó ní kí Nive tí ojú rẹ̀ dáa mú ọ̀bẹ wá, wọ́n gbé hóró náà sórí pátákó, wọ́n gé e sí mẹ́ta, Lino sì lá ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀. Láràárọ̀ báyẹn, odindi ọ̀sẹ̀ méjì.

Pelenise tún wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: igba ó dín méjìlá. Nọ́ọ̀sì náà fi ọwọ́ lérí. Ó sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bó bá rí báyìí títí dé òpin ọ̀sẹ̀, òun á ní láti kọ̀wé sí Apia kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Luhia dìde, ó tá ọwọ́ mọ́ ògiri, ó ń lọ sílé. Kò kọrin lọ́nà. Ní ọjọ́ kejì kò kọrin bó ṣe ń gbálẹ̀. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló kú.

Ìdákẹ́jẹ́ náà ló lé Pelenise dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ó yà sẹ́yìn ilé, ó bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi tí wọ́n kóra jọ sí, ọ̀bẹ lọ́wọ́ Nive.

“Ẹ káàárọ̀ o. Mama, kí lẹ ń gé?”

“Ìpín wa ni,” Luhia dá a lóhùn. “Jókòó. Ká ní a mọ̀ pé o ń bọ̀ ni, à bá gé e sí mẹ́rin.”

Pelenise wo pátákó, ó wo ọ̀bẹ, ó wo Lino tó ti yọ ahọ́n síta. Ẹ̀rín pa á débi pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí. Ó rẹ́rìn-ín tán, ó wá nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí pupa títí dórí yẹ́lò. Ó tú ẹ̀rọ rẹ̀ jáde nínú àpò, ó so aṣọ ẹ̀ mọ́ Nive lápá: ọgọ́sàn-án ó dín mẹ́rin. Orí fífọ́ yẹn kì í ṣe àwáwí. Ó so ó mọ́ Lino: ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin péré. Ìgbà yẹn ni Lino jẹ́wọ́ pé òòyì ń kọ́ òun láti oṣù tó kọjá, òun tiẹ̀ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, òun rò pé oògùn ló ń bá àìsàn jà nínú òun.

“Àìsàn wo?” ni Nive bi í. “Ojúkòkòrò ni?”

Pelenise ní kí Lino má tún fẹnu kan oògùn náà mọ́ láéláé. Ó ní kí Luhia máa gbé odindi mì, òun nìkan. Luhia bá mi orí. Ó fọwọ́ wá ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà títí ó fi rí i dì mú.

“Ọmọ mi, ìwọ náà ọmọ ibí ni. Mi ò lè máa gbé nǹkan mì kí àbúrò mi tí ara rẹ̀ ò yá máa wò mí lẹ́nu. Bó bá jẹ́ báyẹn ni màá fi ríran, kí ojú mi kúkú wà bó ṣe wà.”

Pelenise kò bá a jà. Òun náà ti jẹ inati kó tó lè rìn. Ó padà sílé ìwòsàn, ó bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì ń rò ó títí di ọjọ́ Sátidé tí àwọn ọkọ̀ kó ẹja dé. Wọ́n pín ẹja tán, kálukú fẹ́ máa gbé apẹ̀rẹ̀ lọ, ni nọ́ọ̀sì bá gbé àga àti ẹ̀rọ rẹ̀ wá síbi ìpín gan-an, ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ó ní ó ku ohun kan tí wọn kò tíì pín. Ó ní nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, wíwọ̀n ni wọ́n ń pín: gbogbo àgbàlagbà ló máa na apá, wọn ò ní fo ẹnì kankan. Àgbà tó dàgbà jù lọ ló kọ́kọ́ na tirẹ̀, tó sì di ojú pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún.

Ẹni mọ́kànlá ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru tí wọn kò mọ̀. Nive wà lára wọn. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba ike tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ lára ẹ̀, lẹ́yìn tí dókítà ti yẹ ọ̀rọ̀ kálukú wò. Pelenise gbé ti Luhia lé e lọ́wọ́, ó sì sọ̀rọ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

“Mama, ẹ má gé e mọ́. Ìpín ni, wọ́n ti pín in kó tó dé ibí. Hóró kan, ènìyàn kan. Ẹni tó bá gé tirẹ̀ ń ba ìpín jẹ́ ni.”

Luhia fara balẹ̀ rò ó. Ó bi Nive bóyá ike tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Nive mì í kó gbọ́. Ìgbà yẹn ni ojú Luhia tó wá rọ̀, ó ju odindi hóró sẹ́nu, ó gbé e mì.

Lino nìkan ni kò gba nǹkan kan, ó sì bínú. Ó bi nọ́ọ̀sì pé ibo ni ìpín òun wà. Pelenise ní ìlera ni ìpín tirẹ̀. Lino ní ìlera kò ṣeé jẹ lẹ́nu. Wọ́n fi orí ẹja tuna kan tù ú nínú.

Ẹ wá wo iṣẹ́ hóró kékeré. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Luhia ti bọ́ sí ọgọ́sàn-án ó dín mẹ́wàá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ogóje ó lé mẹ́jọ. Nive kò fi gèlè di orí torí orí fífọ́ mọ́. Orin sì ti padà sí àdúgbò. Àwọn tó ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ó ń pariwo jù, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ ọkọ̀ pé. Láti àárọ̀ làwọn obìnrin ti kóra jọ sétí òkun láti jó fatele ìdágbére, ta ni yóò sì dá orin bí kò ṣe Luhia? Ó dá a, ó tún un dá, ó jó, ó fi ìdí yí iyanrìn po. Pelenise fà á yọ láàárín wọn láti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìwé tí wọ́n máa gbé lọ. Ọgọ́jọ ó lé mẹ́jọ.

Nive bú sẹ́kún. Ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn lọ bá ọkọ̀ ńlá ti dúró, omi sì ti ń fà kúrò lórí òkúta, bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i kò ní lè kọjá. Pelenise kò kọ nǹkan kan sínú ìwé. Ó fi Luhia jókòó sí abẹ́ igi, ó tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀.

“Mama, ijó lèyí tí mo wọ̀n yẹn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ má jó, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má kọrin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.”

Luhia kò tíì ṣe irú ẹ̀ rí láyé. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó pa á mọ́. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀, Nive dì í mú. Àwọn onílù àpótí ṣì ń lù, Lino sáré lọ jókòó lé àpótí náà. Gbogbo etí òkun pa rọ́rọ́, èèyàn tó ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń wo obìnrin kan tí kò kọrin. Awakọ̀ ọkọ̀ kékeré náà ń wo omi, ó ń wo Pelenise.

Nọ́ọ̀sì so aṣọ ẹ̀rọ mọ́ apá rẹ̀. Ó fún, ó fún, ó tú.

“Ogóje ó dín mẹ́fà,” ni Pelenise wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà.

Wọ́n gbé Luhia, wọn ò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan omi, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ kékeré. Pelenise fi ike oògùn sínú àpò rẹ̀, ó ní láràárọ̀ o, kódà bí òkun bá ń ru, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ, àyàfi bí dókítà bá ní rárá. Luhia na ọwọ́, ó fi ìka wo ojú ọmọbìnrin náà láti iwájú orí dé àgbọ̀n, torí láti ọjọ́ tó ti wálé láti Fíjì, kò tíì rí i rí.

“Wọ́n ní o ò lẹ́wà,” ló wí. “Ní kété tí mo bá padà dé, màá fi ojú ara mi wò ó.”

“Ẹ̀rù ń bà mí, Mama.”

“Ó yẹ kó bà ẹ́,” ni Luhia wí, ọkọ̀ sì ṣí.