Kí Alága Tó Jẹun

Ẹ̀rù ọ̀bọ náà ń bà mí. Ó ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó wà lójú fèrèsé, ó ń wò mí.

Ọ̀gá tí ọkọ mi ń wa mọ́tò fún ló kó lọ sókè òkun, tó fi ọ̀bọ rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Lọ́jọ́ tí ọ̀bọ náà dé, àga mi ló jókòó sí. Mi ò lè lé e. Mo gbé àpótí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alága ti dé." Bó ṣe di Alága nìyẹn.

Kì í gé ọkọ mi jẹ. Èmi ló máa ń gé jẹ. Tí mo bá ti ilé ìfọṣọ dé, níbi tí mo ti ń lọ aṣọ, á dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, á yọ eyín. Mo máa ń kí i pé, "Ẹ kúulé o." Mi ò mọ ìdí.

Nígbà náà ni ọmọbìnrin wa bímọ. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́. Ó pè mí lórí fóònù.

"Mọ́mì, ṣé ọ̀bọ yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Mi ò ní gbé ọmọ mi wọ ilé tí ọ̀bọ ti ń gé ìyá onílé jẹ o. Tí a bá ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi la máa dé sí."

Ọkọ mi ní òun ò lè lé e, ọ̀gá òun lè padà wá bèèrè rẹ̀. Ó pe àbúrò rẹ̀ tó ń bọ́ ẹran nínú ọgbà ẹranko. Ìyẹn dé, kò wo ọ̀bọ rárá. Ó ní ká jẹun bí a ṣe ń jẹun. Mo gbé búrẹ́dì àti ẹyin kalẹ̀. Ọkọ mi bu ti Alága, ó bu tirẹ̀. Èmi ń da tíì.

"Ìyàwó wa, ìgbà wo lẹ̀yin máa ń jẹun?"

"Tí wọ́n bá jẹ tán."

"Àwọn wo?"

Mo wo ọkọ mi. Mo wo ọ̀bọ.

"Mo ti rí i," ló wí. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹun ni ọ̀bọ ń kà sí àgbà. Lójú tiẹ̀, òun ni bàbá ilé, ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bu oúnjẹ fún un. Kò mọ ohun tí ẹ̀yin ń wá níbí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ jẹ, lójú rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wá fún un."

"Èmi ńkọ́?" lọkọ mi bi í. "Kí n jókòó máa wo ẹnu ìyàwó mi?"

"Ẹ̀yin náà á dúró, ẹ̀gbọ́n. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, òun náà á kọ̀."

"Nínú ilé mi?"

"Nínú ilé yín, sà."

Mi ò kọ́kọ́ jẹun rí nínú ilé yẹn. Ọwọ́ mi gbọ̀n, búrẹ́dì bọ́, Alága gbé e. Mo mú òmíràn. Mo ṣe bí ẹni pé áyọ́ọ̀nù ni mo dì mú, torí ọwọ́ mi kì í gbọ̀n lórí aṣọ olówó. Mo jẹ ẹ́. Eyín Alága ni mo ń wò. Mo na ìyókù sí i. Ó gbà á, ó sì gé mi níka jẹ.

Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é láràárọ̀. Nígbà tó yá, kò gé mi jẹ mọ́. Nígbà tó tún yá, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga mi. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó jókòó.

Mo pe ọmọ wa, mo ní Alága kì í gé mi jẹ mọ́. Ó gbé ọmọ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá ọmọ mọ́ àyà, ó ń wo Alága. Alága ń wo ẹnu mi.

"Mọ́mì, ṣé bó ṣe máa jókòó nìyẹn?"

"Títí n ó fi jẹun."

Ó wọlé. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ọkọ mi na ọwọ́ sí ẹyin, Alága yọ eyín. Ọkọ mi fa ọwọ́ padà.

"Màmá wọn, jẹun jàre."

"Ọwọ́ mi ò ṣófo."

"Gbé ọmọ fún ìyá ẹ̀."

"Rárá o."

Mo wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni kankan níbẹ̀.

Tíì tutù. Ọmọ wa fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi bu búrẹ́dì, ó wo Alága, ó rọra fi sí mi lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́. Mi ò kánjú.

Lẹ́yìn náà Alága na ọwọ́. Ọkọ mi náà na tirẹ̀.