Dígí Tó Wà Lẹ́yìn Bàbà

Ọ̀nà abúlé náà kò dára rí. Bí mọ́tò bá ti já ènìyàn sílẹ̀ lẹ́yìn Èjìsú, ẹsẹ̀ ni yóò fi rin ìyókù láàárín oko kòkó, erùpẹ̀ pupa yóò sì bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún 1991, Sàwúdátù rí Ràzíátù tó ń bọ̀ lọ́nà yẹn, tó fi bàtà onígìgísẹ̀ rẹ̀ há abíyá, inú rẹ̀ sì dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí ó gbàgbé iṣẹ́ tó wà nínú iná. Ẹ má rò pé ayọ̀ àlejò ni. Ayọ̀ ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bẹ̀ ẹ́ ni.

Ọmọ Ìlọrin ni àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Asawase ní Kumasi ni wọ́n bí wọn sí, tí wọn kò sì mọ Ìlọrin ju orúkọ lọ. Ọ̀ṣọ́ tánganran ni Sàwúdátù ń ṣe. Yóò gé bàbà bí ewé tàbí bí ẹja, yóò lọ dígí kúnná bí ẹ̀lùbọ́, yóò wọ́n ọn sórí bàbà náà, yóò sì tì í bọ inú ààrò títí dígí yóò fi yọ́, tí yóò máa dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí onílé Asawase sì ní òun kò fẹ́ iná èédú nínú agbo ilé, ó gba àyè lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Kwaku, ó sì kọ́ àtíbàbà iṣẹ́ sí ìdí oko kòkó rẹ̀. Ràzíátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá a tà á ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní ọjà Alabar.

Ọjà yá. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó ń ṣe é, ìlara sì wọ inú Ràzíátù. Ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ẹni náà. Kí ni obìnrin yìí wá ṣe? Ó gba ilé Ìyá Sàbírátù lọ, ìyá tó bí Sàwúdátù, ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó sì fi Àlùkùránì búra pé Kwaku ló ń bá Sàwúdátù sùn nínú oko, pé ìbòjú lásán ni iṣẹ́ ọwọ́ náà. Kwaku tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí Yaa ìyàwó rẹ̀ ń dì lọ́wọ́ mú kí ó tó lè dé ìdí igi kòkó! Láti ibẹ̀ ó gbé e lọ sí àsàlátù àwọn obìnrin. Irọ́ tó bá ti dé àsàlátù ti dé gbogbo Asawase nìyẹn.

Ìyá Sàbírátù ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀, kò sì ṣí i títí ó fi kú. Lọ́jọ́ tó kú, Sàwúdátù sáré wá kí ó lè bá wọn wẹ òkú, nítorí ọmọbìnrin ẹni ló yẹ kí ó kọ́kọ́ bomi síni lára. Àwọn obìnrin dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ọwọ́ alágbèrè kò gbọdọ̀ kan òkú náà. Ó dúró nínú òòrùn, ó sì ń wò bí Ràzíátù ṣe gbé búùtà omi wọlé nípò rẹ̀, tó ń sunkún.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Sàwúdátù kó ọjà rẹ̀ kúrò ní Alabar. Nígbà tó gbọ́ pé Ràzíátù ti kọ́ ààrò sẹ́yìn ilé, tó ń pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń dúró dè é.

Ohun tó ń dúró dè kò ṣòro. Sàwúdátù a máa kọ́kọ́ yọ́ dígí sí ẹ̀yìn bàbà kí ó tó ṣe iwájú rẹ̀, Ràzíátù a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ta ló ń ra ẹ̀yìn? O kàn ń fi dígí ṣòfò." Ọgbọ́n ọlọ́jà ni: ohun tí oníbàárà kò bá rí, má náwó sí i. Ṣùgbọ́n bàbà àti dígí kì í sún kì bákan náà bí wọ́n bá ń tutù. Bí kò bá sí dígí lẹ́yìn tó di bàbà mú, tiwájú yóò sán, yóò sì fò dànù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Ràzíátù ní nígbà tó dé àtíbàbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìwọ. Òní ló di ẹ̀yin.

"Jókòó." Sàwúdátù kò fi omi lọ̀ ọ́. Yaa tó ń sá kòkó nítòsí ló bu omi wá, tó kí i káàbọ̀ pé "Akwaaba", nítorí kò mọ ẹni tí àlejò náà jẹ́.

Ràzíátù tú ìdì aṣọ kan. Ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Sàwúdátù, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín. Alhájì Sàláúdéènì ló gbé iṣẹ́ fún mi, ti ìgbéyàwó ọmọ wọn. Bó bá ń jáde nínú iná, ó máa ń dáa gan-an! Bó bá ti tutù báyìí, pá! Wallahi, mi ò mọ ibi tí mo ti ń ṣì í. Bí mi ò bá rí i gbé fún wọn, orúkọ mi bàjẹ́ ní Kumasi nìyẹn."

"Orúkọ ẹ," Sàwúdátù ní. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi."

"Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ lọ bá gbogbo ẹni tí o gbé irọ́ Kwaku lọ bá, wàá sì fi ẹnu ara ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni. Gbogbo wọn. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù. Ọjọ́ tí o bá parí ẹ̀ ni màá sọ."

"Haba! Níwájú àsàlátù?"

"Ṣebí iwájú wọn náà lo ti pa á."

Ràzíátù wo àwọn ọ̀ṣọ́ tó sán náà. Ó ní òun gbà.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó dìde láàárín àwọn obìnrin àsàlátù, níwájú Sàwúdátù, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ariwo sọ. Hájíà Sùwéébátù, Ìyá Àdínnì wọn, di orí mú: "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Sàwúdátù, dákun, forí jì wá." Àwọn tó dí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́sí ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń sunkún sí i léjìká. Sàwúdátù ti rò pé ọkàn òun yóò rọ̀ bí ọjọ́ yìí bá dé. Kò rọ̀. Búùtà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá tó wà ní igun ilé ló ń wò, inú sì ń bí i bí ọjọ́ kìíní.

Ràzíátù lé e bá níta, ó di aṣọ rẹ̀ mú. "Mo ti ṣe é. Sọ fún mi. Ìgbéyàwó ti dé tán."

"Ó ku ẹnì kan."

"Ta ló kù? Mo ti sọ fún gbogbo wọn, títí dórí ìyá tó ń ta àkàrà kósé ní Alabar!"

"Ọ̀dọ̀ ta lo kọ́kọ́ lọ? Orí ẹní ta lo jókòó sí tó o fi búra?"

Ọwọ́ Ràzíátù tú lára aṣọ náà. "Ṣùgbọ́n Ìyá ti kú."

"Wọ́n ti kú. Ìwọ lo wẹ̀ wọ́n, o mọ̀ ọ́n dájú jù mí lọ. Ibojì wọn ò jìnnà síbí. Lọ sọ fún wọn. Bí wọ́n bá ti dá ẹ lóhùn, wá bá mi ní oko, màá sọ fún ẹ."

Ràzíátù pè é títí, Sàwúdátù kò wẹ̀yìn. Ó wọ mọ́tò Èjìsú, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Wọ́n ní ìdáríjì ló dára jù, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n gbà láyè kí ó wẹ òkú ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé, ó fẹ́ iná ààrò, ó dojú bàbà kan dé ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n dígí sí i lẹ́yìn.